Ohun Tí Ọ̀dà Ń Ṣe Lára Ọgbà Pákó

Wọ́n á ní ká kun ọgbà pákó kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba pákó jẹ́ ju òjò lọ.

Nígbà tí igi wà láàyè, omi ló ń fà láti gbòǹgbò lọ sókè, gba inú àwọn ihò tíntìntín tó tò jọ bí ìdì ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Kápẹ́ńtà gé igi, kò gé òùngbẹ rẹ̀. Ní orí àti ìdí pákó, níbi tí ayùn ti là á kọjá, ẹnu ihò wọ̀nyẹn ṣì là sílẹ̀ gbayawu, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé kíákíá ju bó ṣe ń gba ara pákó lọ. Ibẹ̀ náà sì ni akunlé kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kàn, torí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ó wá kun iwájú títí ó fi ń dán. Òjò rọ̀, omi gba orí wọlé, ó gba ìdí wọlé, ó gba ojú ìṣó wọlé. Nígbà tí oòrùn yọ, tí omi fẹ́ padà jáde, ó bá ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni tí òjò ti pa tán, tó wá gbé aṣọ òjò wọ̀ lé aṣọ tútù ló rí. Aṣọ òjò yẹn ò kúkú jò, òun gan-an ni wàhálà: tinú ò lè jáde. Ọ̀dà á lé ròrò, á bẹ́, á bó. Olú tó ń mú igi jẹrà kì í lè ṣiṣẹ́ bí omi inú igi kò bá tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ. Ọ̀dà tó há omi mọ́lé ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Oòrùn ni ọ̀dà mọ̀ ọ́n bá jà. Lignin, ohun tó so ara igi pọ̀ bí àtè, oòrùn a máa jẹ ẹ́ lójú pákó, òjò á ṣàn án lọ, igi á wá di aláwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni eérú yẹn. Ẹni tó bá wù lè fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkùn.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀, ọ̀dà tó ṣàn, tó ń wọnú igi, ló dára jù lójú tèmi. Kì í di awọ lójú pákó, nítorí náà kò ní ohun tó máa bó. Ńṣe ló ń ṣá, a ó sì kun òmíràn lé e láìha ohunkóhun. Ọ̀dà tó nípọn, ẹni tó bá fi kun ọgbà lẹ́ẹ̀kan ti gba iṣẹ́ híha títí ọgbà náà yóò fi wó.

Kí á tó kùn ún, kí á wọ́n omi sí pákó ná. Bó bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, kò tíì yá, pàápàá pákó tuntun tí wọ́n fi oògùn ikán rẹ. Bó bá mu ún, ó yá. Orí àti ìdí ni kí á kọ́kọ́ kùn, ní àkùntúnkùn, títí kò fi ní mu mọ́, kí á tó kàn án mọ́ òpó. Kí ìdí rẹ̀ má sì kan ilẹ̀.