Báàkóòdù DNA: Bí Ìpẹ́ Kan Ṣe Ń Sọ Orúkọ Ẹranko Tó Ni Ín

Báàkóòdù DNA ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń ka ìwọ̀nba díẹ̀ nínú DNA ẹ̀dá kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbínibí tó wà nínú ara rẹ̀, láti mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Kò dìgbà tí a bá rí orí, ìrù tàbí awọ rẹ̀. Ẹyọ ẹran tí kò ju èékánná lọ, ìyẹ́ kan ṣoṣo, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára ọ̀bẹ, gbogbo rẹ̀ ló lè tọ́ka sí ẹranko tó ni ín.

Ẹ wo ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tí wọ́n máa ń pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó jáde nílùú Ìbàdàn. Ẹni tó ń tà á lè pè é ní ẹtu, kó sì jẹ́ ẹtu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí iná àti èéfín bá ti sọ ọ́ di dúdú, tí wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, ojú lásán ò lè sọ bóyá ẹtu ni àbí èsúró, tàbí ẹranko mìíràn tí òfin dáàbò bò. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, "ó jọ ẹtu" kì í ṣe ẹ̀rí. Ti akíka tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìpẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kó rìn. Irú akíka mẹ́rin ló wà ní Áfíríkà, mẹ́rin wà ní Éṣíà, ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti ọdún 2016 sì ti fòfin de òwò gbogbo wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú akíka tí wọ́n pa àti apá ibi tó ti wá, inú ìpẹ́ yẹn ni yóò ti wá a.

Lẹ́tà mẹ́rin péré la fi ń kọ DNA: A, C, G àti T. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ló fi ẹ̀dá kan yàtọ̀ sí èkejì. Inú núkílíọ́ọ̀sì (kóró àárín) sẹ́ẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú DNA ẹranko wà, ṣùgbọ́n mitokọ́ńdríà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, ní DNA tiwọn lọ́tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mitokọ́ńdríà. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi máa ń ṣẹ́ kù láti kà nínú ẹran tí wọ́n ti yan, kódà nígbà tí DNA inú núkílíọ́ọ̀sì bá ti já jálajàla.

Lọ́dún 2003, Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà dá a lábàá pé kí gbogbo ayé máa ka ibì kan náà lára gbogbo ẹranko: apá kan nínú jíìnì (ìyẹn abala DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) mitokọ́ńdríà tí wọ́n ń pè ní COI, tó jẹ́ nǹkan bíi lẹ́tà 658. Ara ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn agolo mílíìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà: ìlà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹ̀rọ láti mọ ohun tó wà nínú agolo. Wọ́n yan COI nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn ẹranko irú kan náà, ṣùgbọ́n tó bá di irú kan sí òmíràn, ìyàtọ̀ á hàn gbangba. Akíka méjì láti inú igbó kan lè má fi ju lẹ́tà kan tàbí méjì yàtọ̀ síra. Láàárín akíka àti ọ̀yà, ìyàtọ̀ náà lè lé ní 100. (Fún igi àti ewéko, COI ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Jíìnì méjì mìíràn, rbcL àti matK, ni wọ́n fẹnu kò sí lọ́dún 2009.)

Ní láàbù, inú ẹran náà la ti máa ń gé, a kì í gé ìta rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kan ìta yẹn, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé e sì lè ti gé ewúrẹ́ láàárọ̀. Bíléèdì tuntun, ìbọ̀wọ́ tuntun, a ó gé díẹ̀ sínú ike kékeré olómi tó ní ẹ́ńsáìmù (púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) tó ń jẹ púrótéènì ẹran náà, a ó fi í síbi tó gbóná ní ìwọ̀n 56 °C títí ẹran náà yóò fi yòrò. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ̀kán omi mímọ́ gaara kan ló máa kù. Ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n DNA wà níbẹ̀.

PCR ló kàn, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, tí Kary Mullis ará Amẹ́ríkà ronú kàn lọ́dún 1983, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 1993. Ẹ̀rọ náà á mú DNA gbóná dé bíi 95 °C kí okùn rẹ̀ méjèèjì lè tú kúrò lára ara wọn. Á tún tutù dé bíi 50 °C kí àwọn ègé DNA kúkúrú méjì tí a ń pè ní práímà lè lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ibi tí a fẹ́ kà. Á padà sí 72 °C, ẹ́ńsáìmù kan á wá ṣe ẹ̀dà ohun tó wà láàárín wọn. Ara bakitéríà tó ń gbé nínú ìsun omi gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ́ńsáìmù yìí, òun ni ooru ò fi lè bà á jẹ́. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Bó bá fi máa yí po nígbà 30, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹ̀rọ mìíràn á wá ka àwọn lẹ́tà náà jáde.

Gbogbo ìgbà la máa ń fi ike kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀ sáàárín àwọn yòókù. Bí ike omi yẹn bá bí ẹ̀dà DNA pẹ́nrẹ́n, DNA àjèjì ti wọlé níbì kan nìyẹn, ìbáà jẹ́ láti ara omi, láti ara pípẹ́ẹ̀tì tí a fi ń fa omi tàbí láti ọwọ́ wa. A ó da gbogbo rẹ̀ nù, a ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dunni, pàápàá nígbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ tí kẹ́míkà sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú fo ike omi rẹ̀ ò yẹ lẹ́ni tí à ń gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà bá jáde tán, a ó gbé e lọ sínú àkójọ DNA bíi GenBank tàbí BOLD lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nìyí: ẹ̀rọ ò mọ orúkọ ẹranko kankan. Ohun tó ń sọ kò ju pé àwọn lẹ́tà yìí jọ èyí tí ẹnì kan fi síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ báyìí. Bí ẹni yẹn bá ṣi ẹranko mọ̀, àṣìṣe rẹ̀ á máa ràn káàkiri. Bí kò bá sì sẹ́ni tó tíì fi ẹranko agbègbè yìí síbẹ̀, ẹ̀rọ á kàn mú èyí tó sún mọ́ ọn jù wá. Nítorí náà, báàkóòdù tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn: agbárí, awọ tàbí òkú ẹranko náà gan-an, tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú nọ́ńbà, ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ẹni tó dá a mọ̀.

Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú pẹ̀lú pupa lórí àti láyà. J. H. Elgood tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹranko ní yunifásítì ìlú yìí ló fún un lórúkọ lọ́dún 1958. Kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ, ó sì wà nínú ewu àkúrun. Igbó IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ẹni tó bá ṣa ìyẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ò lè fi báàkóòdù dá a mọ̀, àfi bí ẹni tó mọ ẹyẹ náà sójú bá ti ka tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Lọ́dún 1968 ẹ̀wẹ̀, àwọn olùwádìí mú asín ní Mókólá, àdúgbò kan n'Íbàdàn, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì kan lára rẹ̀ tó jẹ́ ẹbí ti dìgbòlugi. Mokola ni gbogbo ayé ń pè é dòní, àjẹsára dìgbòlugi tí à ń lò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò boni lọ́wọ́ rẹ̀. Dugbe náà jẹ́ orúkọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára eégbọn màlúù nílùú yìí lọ́dún 1964. Asín sì pọ̀ ní irú, wọ́n jọra débi pé eyín àti agbárí wọn làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a ò bá mọ asín tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì, a ò lè mọ àdúgbò tó yẹ ká ṣọ́. Agbárí àti báàkóòdù, tí wọ́n bá wà pa pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kan, ló lè yanjú ẹ̀.

Àléébù ọ̀nà yìí wà o. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni mitokọ́ńdríà ti ń wá, nítorí náà bí irú ẹranko méjì bá gun ara wọn, ọmọ á jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bèèrè bóyá iṣẹ́ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, èrò tèmi rèé. Àwọn tó mọ igbó wà, àwọn tó mọ láàbù wà. Ẹni tó lè dá asín mọ̀ lọ́wọ́, tó sì lè ka DNA rẹ̀ lọ́la, òun ló wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló wọ ẹ̀kọ́ ẹranko nítorí pé wọn ò rí ìṣègùn gbà, tí àwọn òbí sì ń kẹ́dùn. Kò yẹ kí wọ́n kẹ́dùn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko àti ẹ̀ka ẹran ìgbẹ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì igbó wà ní Jẹ́ríkò, àjọ tó ń bójú tó àwọn onímọ̀ láàbù, NISLT, sì wà ní Sámọ́ńdà. Ìlú tó kó gbogbo èyí jọ sójú kan ò pọ̀.

Létí ike tí ẹ ń kó ẹran sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ibi, ọjọ́ àti nọ́ńbà sórí bébà líle, kẹ́ ẹ jù ú sínú ike náà, nítorí ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí a fi ń tọ́jú ẹran inú rẹ̀, máa ń fọ yíǹkì máńkà nù. Ẹ má fọwọ́ lásán kan òkú ẹranko, ẹ má sì mú èyí tó wà láàyè láìgba ìwé àṣẹ. Kíka lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè fi dátà yín kọ́ ọ nílé. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe IT (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́), ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé: àwọn ẹranko tí ẹ ti ka DNA wọn, níbo lẹ kó wọn sí, ta ló sì dá wọn mọ̀? Bí wọ́n bá ṣí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ jáde, ẹ dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń fi yín lójú, ẹ wá ibòmíràn.