Bí Oògùn Apa-fọ́ńgọ́ọ̀sì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Koríko Ìjẹ Ẹran

Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan olú àti ohun tó ń mú oúnjẹ bu, kì í fi ara hàn lọ́jọ́ tó bá wọ inú koríko. Hóró rẹ̀, tó kéré ju ìyẹ̀fun lọ, máa ń bá atẹ́gùn bà lé ewé. Bí ìrì tàbí òjò bá mú kí ewé náà tutù fún wákàtí mélòó kan, hóró á hù, á sì lè gba ihò tí ewé fi ń mí wọlé. Èyí tó ń sọ ewé ryegrass, irú koríko ìjẹ ẹran kan, di bí irin tó dógùn-ún fẹ́ràn ooru ìwọ̀n 20 sí 25 Celsius, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yọ síta. Nígbà náà, ẹni tó bá fi àtàǹpàkò nu ewé á rí lẹ́búlẹ́bú tó pọ́n bí ọsàn lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kò sí oògùn tó lè jí ewé tó ti kú. Ewé tó ṣì yè ni oògùn ń ṣọ́, nítorí náà ìgbà tí àpá kò tíì pọ̀ ni fífín rẹ̀ ń wúlò. Oògùn kan tó ń jẹ́ propiconazole kì í jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì rí ergosterol, èròjà tó fi ń mọ awọ ara rẹ̀. Òmíràn, azoxystrobin, sì ń dí i lọ́wọ́ láti fi èémí sọ oúnjẹ di agbára. Ó yani lẹ́nu pé ara olú kékeré kan tó ń hù lórí èso igi páìnì ni wọ́n ti rí irú oògùn kejì yìí kọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ń bá omi inú ewé gòkè ni, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Ewé tó bá yọ lẹ́yìn fífín kò ní ààbò kankan, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni koríko ń yọ ewé.

Ẹran ló máa jẹ koríko yìí, ohun tó bá sì wà lára ewé lè dé inú ẹran àti wàrà. Oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún koríko ìjẹ ẹran nìkan ni kí a lò, kí a sì ka iye ọjọ́ tí ìwé ara ike rẹ̀ ní kí ẹran fi yàgò pé pérépéré. Nínú pápá ìjẹko, ó sàn púpọ̀ kí a kọ́kọ́ gé koríko tàbí kí ẹran tètè jẹ ẹ́, kí ewé tó lárùn kúrò ńlẹ̀, kí a sì fún ilẹ̀ ní ajílẹ̀ naitirojíìnì, nítorí koríko tí kò rí èyí jẹ yó ni àrùn yìí ń tètè mú. Oko tí wọ́n ti ń gba irúgbìn koríko yàtọ̀: ibẹ̀ kò ṣeé gé nígbà tó bá ti ń yọ orí, oògùn méjì tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sì ni wọ́n ń lò ní àlòpààrọ̀, kí ọ̀kan má baà mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì lára.