Grand Canyon: kí ló dé tí wọ́n ní ká má lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Ìbéèrè: Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ sí Grand Canyon, àfonífojì jíjìn kan ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú oṣù keje. A fẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé odò Colorado láàárọ̀, ká sì ti gòkè padà kílẹ̀ tó ṣú. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ká má dán an wò. Kí ló le níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ìrìn náà dorí kodò ni. Bó bá rẹ ẹni tó ń gun òkè Ìdànrè lágbedeméjì, yóò kàn yíjú padà ni, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ní Grand Canyon, ìsàlẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tí ara ṣì le tí àárọ̀ ṣì tutù. Ìgbà tí orúnkún bá ti ń gbọ̀n lẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kojú òkè. Láti ibi tí Bright Angel, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń pàgọ́ sí nítòsí odò tó nǹkan bíi kìlómítà 15, ẹ óò sì ti sọ̀kalẹ̀ ju mítà 1,300 lọ. Wákàtí kan tẹ́ ẹ bá fi sọ̀kalẹ̀, ẹ ka méjì sílẹ̀ fún àtigòkè.

Ìbéèrè: Ṣebí ìsàlẹ̀ lódò wà, ṣé kì í tutù ni?

Ìdáhùn: Omi odò tutù o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni kò tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fún pọ̀, bó sì ṣe ń fún pọ̀ ló ń gbóná. Àwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ náà ń gba oòrùn sára látàárọ̀, wọ́n á sì máa tú ooru rẹ̀ jáde títí di òru. Lọ́sàn-án oṣù keje, bí etí òkè ìhà gúúsù bá wà ní nǹkan bí 29°C, ìsàlẹ̀ á ti kọjá 40°C. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn má rìn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè: Bá a bá wá ru omi púpọ̀ dání ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ru iyọ̀ mọ́ ọn. Òógùn ń kó iyọ̀ jáde lára. Ẹni tó ń mu omi ṣáá láìjẹun, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ó tiẹ̀ lè máa sọ ìsọkúsọ. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún fún un lómi! Ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí ìpápánu míì tó níyọ̀ ló yẹ kó wà nínú àpò. Kò sí omi rárá lójú South Kaibab, ọ̀nà míì tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà ní Bright Angel, àmọ́ páìpù tó ń gbé e wá ti gbó, ó máa ń bẹ́. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó Grand Canyon kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè: Ṣé ká kúkú sùn síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun témi ì bá ṣe nìyẹn, oṣù kẹwàá ni mi ì bá sì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Havasupai Gardens, ibi ìpàgọ́ kan lójú ọ̀nà Bright Angel ní nǹkan bíi kìlómítà 7 sísàlẹ̀, dáa fún ẹni tí kò fẹ́ dé odò. (Àwọn Havasupai, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ló ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn kúrò, ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ wọn sọ ọ́.) Bẹ́ ò bá rí àṣẹ gbà, ẹ pàgọ́ sókè ní Mather, ibi ìpàgọ́ tó wà létí òkè ìhà gúúsù.

Ìbéèrè: Ẹranko wo ló yẹ ká bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń gé àwọn tó bá ń fún un lóúnjẹ lọ́wọ́ jẹ, ó sì ń fi eyín ya àpò. Àpótí onírin wà níbi ìpàgọ́, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo oúnjẹ sí.