Màlúù Mélòó Ni Ọ̀dàn Òkè-Ògùn Lè Bọ́?

Lóṣù kẹjọ, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí á rò pé koríko ibẹ̀ kò lè tán láé. Eruwà á ti ga, màlúù á wọnú ẹ̀, ìwo nìkan lèèyàn á máa rí. Àsìkò yìí gan-an ni ìṣirò ń dàrú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn òjò ìkẹyìn ló ń sọ iye ẹran tí ilẹ̀ lè bọ́.

Kò ṣòro láti wọ̀n. Níparí oṣù kẹwàá, wọ́n á fi igi mẹ́rin, mítà kọ̀ọ̀kan, ṣe férémù onígun mẹ́rin, wọ́n á gbé e lé koríko, wọ́n á gé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá gbé e sórí ìwọ̀n. Wọ́n á ṣe é káàkiri, níbi tó dí àti níbi tó ṣán. Ká ní gíráàmù 300 ni ìpíndọ́gba tó jáde, á jẹ́ pé kílò 3,000 ló wà lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn nǹkan bí éékà 2.5.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni tẹran o. Ìdajì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Nínú ìdajì yòókù, pátákò á tẹ díẹ̀ mọ́lẹ̀, ikán àti tata á jẹ tiwọn, kílò 750 péré ló máa dẹ́nu màlúù. Màlúù tó wọn kílò 300 ń jẹ tó kílò 7.5 lójúmọ́: koríko hẹ́kítà kan á tó màlúù kan jẹ fún ọjọ́ 100 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń lọ bí ọjọ́ 150. Nítorí náà, hẹ́kítà kan àbọ̀ ni màlúù kan nílò, hẹ́kítà 60 kò sì gbà ju màlúù 40 lọ, àfi tí wọ́n bá rí èèpo gbágùúdá tàbí ewé ẹ̀pà fi kún un. (Àwọn tó kó màlúù fún Fúlàní sìn kì í béèrè èyí. Iye ọmọ tí màlúù bí ni wọ́n máa ń béèrè.)

Kí nìdí tí ìdajì fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀? Ewé ni koríko fi ń wá oúnjẹ. Tí ẹran bá jẹ ẹ́ délẹ̀, gbòǹgbò á dáwọ́ dúró, koríko á máa ná ohun tó kó pamọ́ sídìí. Tó bá tún rúwé, ewé múlọ́múlọ́ yẹn gan-an ni màlúù ń padà wá jẹ, torí ó dùn ju èyí tó ti gbó lọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ìdí eruwà á kú, ìsékètu àti ewé Akíntọ́lá á gba ibẹ̀. Lókèèrè, ilẹ̀ náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ màlúù kì í sábà fẹnu kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ogójì yẹn náà kì í ṣe iye tó dúró sójú kan. Lọ́dún tí òjò bá fà sẹ́yìn tí férémù mú gíráàmù 200 wá, màlúù 26 ni hẹ́kítà 60 kan náà lè bọ́. Mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ lọ, oṣù kọkànlá ló sì yẹ kí wọ́n lọ, nígbà tí ara wọn ṣì ń dán. Tó bá fi máa di oṣù kejì, egungun ìhà wọn á ti ṣeé kà, gbogbo gáà á sì ti kó tiwọn lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà.