Bí A Ṣe Ń Darí Omi Òjò Tó Bá Pọ̀ Jù Lórí Oko ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, àkọ́rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òjò a dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún gbára jọ ní oṣù kẹsàn-án kí àrọ̀kúrò tó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tó tún gbára jọ yìí ni omi máa ń da oko láàmú jù, nítorí pé ilẹ̀ ti mu omi yó tẹ́lẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀, iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ tàbí yangí ló sì wà nísàlẹ̀. Omi a gba inú iyanrìn kọjá wéré, a dúró lórí amọ̀, a sì máa kún bọ̀ lókè. Bí katakata bá ń tẹ ojú ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, òun náà a máa sọ abẹ́ ibi tí irin rẹ̀ dé di líle. Nígbà tí omi bá ti gba ààyè afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè mí: àgbàdo kékeré lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣu àti ẹ̀gẹ́ a sì máa jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ kí ewé wọn tó fi hàn.

Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ kí a tó mọ ibi tí omi ń dúró sí. Bí a bá gbẹ́ ihò tó jìn tó apá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì bá amọ̀ aláwọ̀ eérú tó ní àmì pupa bíi ti irin tó dógùn-ún káàkiri inú rẹ̀, omi ti ń dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Omi tó ń ti òkè tàbí ojú títì wọ oko ni a kọ́kọ́ ń fi kòtò dá lọ́nà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ebè, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ebè bá dojú kọ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, poro kọ̀ọ̀kan a di ọ̀nà àgbàrá. Bí ó bá sì dábùú rẹ̀ láìtẹ̀ rárá, omi a kún inú poro títí ebè kan yóò fi ya, tí yóò sì ya gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó dára ni kí ebè dábùú, kí poro sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 rẹlẹ̀ ní mítà 10 kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí ló rọrùn jù: a ó so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi tí a ti sàmì sí, omi a dúró ní ìpele kan náà nínú méjèèjì, a ó sì wọn ibi tó ga sí láti ilẹ̀.

Ojú ọ̀nà tí gbogbo poro ń da omi sí gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó má jìn, kí koríko sì bò ó. Àwọn tó ń ro ó mọ́ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ díẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀gbàrá ni. Kò sì yẹ kó já sí oko ẹlòmíràn.

Àkùrọ̀ yàtọ̀, nítorí pé omi kò rí ibi ṣàn sí kíákíá. Níbẹ̀, a ń gbé ebè ga, a sì ń la kòtò yí i ká lọ sí odò. Tí àrọ̀kúrò bá ti ń parí, a ó fi àpò iyanrìn dí ẹnu kòtò náà, kí omi tó kù lè máa rin ilẹ̀ fún ata, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a ó gbìn nígbà ọyẹ́.