Bí eré tí èèyàn fọwọ́ ṣe nílé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ eré jáde

Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé àlàyé kankan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ọmọdé tó bá fẹ́ mọ ayò ta ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìfàkì á jókòó ti àgbà, á máa wò ó. Bó bá ṣì í ta, wọ́n á pè é ní ọ̀pẹ, wọ́n á sì tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó ṣe eré tuntun tó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ ẹ́ jáde kò ní àǹfààní yẹn. Eré rẹ̀ á dé iwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ pé "rárá, kì í ṣe báyìí." Ibi tí ọ̀rọ̀ ìdíje àti ti ilé-iṣẹ́ ti ta kókó nìyẹn.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹnìkan ní Adó-Èkìtì ro ti Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ó sì fi ṣe eré ẹni méjì. Ọ̀kan ń la ọ̀nà fún omi gbígbóná, èkejì ń la ọ̀nà fún omi tútù; ẹni tí omi rẹ̀ bá gba inú oko tó pọ̀ jù kọjá kí méjèèjì tó pàdé ló jẹ. Páálí, bíró, sẹ́lótéèpù àti ìdérí ìgò bíi ti àwọn tó ń ta dráfù ti tó láti fi ṣe é. Kò sí ìdí láti náwó lé ayàwòrán lórí ní àkókò yìí, torí ilé-iṣẹ́ tó bá gbà á sábà máa ń wá ayàwòrán tiwọn, wọ́n sì lè yí orúkọ eré náà padà pátápátá.

Ìdánwò ló ń gba àkókò jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú níbẹ̀. Àwọn ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ ta á, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́ tán. Lẹ́yìn wọn ló kan àwọn àlejò: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò nítòsí Ọjà Ọba. Èyí tó le jù ló kẹ́yìn. Wọ́n á gbé páálí náà síwájú àwọn tí kò rí i rí, pẹ̀lú ìwé àlàyé nìkan, ẹni tó ṣe é á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì pa ẹnu mọ́. Ó máa ń dun èèyàn láti rí i tí wọ́n ń gbé omi tútù gba ibi tí kò yẹ. Síbẹ̀, bó bá lanu, ó ti ba ìdánwò náà jẹ́. Kó máa kọ sílẹ̀ ni: ibi tí wọ́n ti gbójú sókè, gbólóhùn tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí ẹnì kan mú fóònù jáde. Àtúnkọ ìwé àlàyé láti inú àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ló ń sọ eré di èyí tó lè dá rìn láìsí ẹni tó ṣe é.

Nígbà náà ni ìdíje àwọn tó ń ṣe eré tuntun kàn. Ìlú Boulogne-Billancourt ní Faransé ti ń ṣe tirẹ̀ láti ọdún 1977. Ẹgbẹ́ Hippodice ní Jámánì náà ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ìdíje Cardboard Edison wà ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jọra: wọn kì í kọ́kọ́ béèrè eré fúnra rẹ̀. Ìwé àlàyé ni wọ́n ń gbà, nígbà mìíràn pẹ̀lú fídíò kúkúrú, àwọn adájọ́ á fi ìyẹn yọ èyí tó wù wọ́n, àwọn tó bá kù nìkan ni wọ́n á ní kó fi eré ránṣẹ́. Èyí dára fún ẹni tó wà ní Èkìtì, torí owó tí wọ́n fi ń gbé páálí kan lọ sí òkè òkun lè ju owó tó fi ṣe é lọ. Fídíò tí wọ́n fi fóònù ká ní ọ̀sán, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó ń ta eré náà gan-an, ti tó.

Eré tí wọn kò tíì tà lọ́jà ni ọ̀pọ̀ ìdíje ń fẹ́. Kí èèyàn fara balẹ̀ ka àdéhùn wọn pẹ̀lú, pàápàá ibi tó bá sọ ẹni tó ni eré náà lẹ́yìn ìdíje. Bí ìlà kan bá gba ẹ̀tọ́ gbogbo lọ́wọ́ ẹni tó kópa, kó má fi ránṣẹ́. Ẹni tó gba ipò kìíní kò tíì ní ilé-iṣẹ́ tó máa tẹ eré rẹ̀ jáde o. Ohun tó rí gbà ni pé àwọn olótùú ilé-iṣẹ́ tó jókòó bí adájọ́ ti rí i.

Ti ilé-iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwo ohun tí wọ́n ti ń tà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré ọmọdé kò ní mú eré wákàtí mẹ́ta. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: orúkọ eré, iye ẹni tó ń ta á, ọjọ́ orí wọn, ìṣẹ́jú tó ń gbà, àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì, àti gbólóhùn kan tó sọ ohun tí kò sí nínú eré mìíràn. "Eré nípa Ìkọ̀gòsì" kò tó. "Omi méjì tó gbọ́dọ̀ pàdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ibẹ̀ lè pàdánù" sàn jù. Ọjà eré ńlá tó ń wáyé ní Essen ní Jámánì lóṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ti ń bá olótùú jókòó. Nílé níbí, NIBCARD Games tí Kenechukwu Ogbuagu dá sílẹ̀ ní Àbújá ń ṣe eré àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde.

Ẹ̀rù olè máa ń ba àwọn ẹni tuntun. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti ọdún 2022 ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ inú ìwé àlàyé àti àwòrán, kò dáàbò bo èrò inú eré lásán. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní tú àṣírí eré kí wọ́n tó wò ó, torí eré tó jọra pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹni tó ṣe eré ṣáà fi hàn wọ́n. Eré tí wọ́n gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní dé ibì kankan.

Bí wọ́n bá gbà á, ìpín tí wọ́n sábà ń san fún ẹni tó ṣe eré jẹ́ 5 sí 8 nínú 100 owó tí ilé-iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù. Bí páálí kan bá jẹ́ ₦10,000 fún onísọ́ọ̀bù, 6 nínú 100 jẹ́ ₦600. Kí àdéhùn sọ owó àsansílẹ̀, kó sì sọ ìgbà tí eré á padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní kí ẹni tó ṣe eré wá sanwó kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe èyí tí a ń wá. Ti orúkọ náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1988, ní ọjà ohun ìṣeré ní Nuremberg, àwọn tó ń ṣe eré, 13 ni wọ́n, fọwọ́ sí páálí kékeré tí wọ́n ń gbé ife bíà lé, pé àwọn kò ní fún ilé-iṣẹ́ kankan ní eré bí orúkọ àwọn kò bá sí lójú páálí rẹ̀.

Ìdáhùn lè gba oṣù púpọ̀, "rárá" ló sì máa ń pọ̀ jù. Scrabble, tí Wellington Jighere ọmọ Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé rẹ̀ ní ọdún 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ Alfred Butts tó ṣe é. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ní kí wọ́n fi páálí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kí òmíràn ti wà nílé, kí wọ́n kọ ọjọ́ sára ìwé àlàyé inú méjèèjì, kí wọ́n lè mọ èyí tí ilé-iṣẹ́ ń kà nígbà tí ìbéèrè bá dé.