Bí Àròpọ̀ Ṣáájì àti Iná Ṣe Ń Jáde Látinú Àfarawé Tiransísítọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Tí kọ̀ǹpútà bá parí àfarawé tiransísítọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí iná tó sì ń tì í, àwòrán aláwọ̀ mèremère ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde: pupa níbi tí ẹlẹ́kítírọ́nì ti pọ̀, búlúù níbi tí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n. Àwòrán náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n mítà kì í wọn àwọ̀. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú láàbù ni iná tó gba ẹnu wáyà kọjá, tàbí ṣáájì tó kó jọ sábẹ́ géètì, ìyẹn ẹnu tó ń pàṣẹ fún tiransísítọ̀ pé kó ṣí tàbí kó tì. Kí ọwọ́ tó tẹ ìwọ̀nyí, àfi ká ro àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àwòrán náà pọ̀.

Àwọ̀n ni sọ́fítíwía máa ń tẹ́ lé gbogbo ara tiransísítọ̀ náà. Ní kókó kọ̀ọ̀kan tó wà lára àwọ̀n yìí, ó ń tọ́jú iye fóltì, iye ẹlẹ́kítírọ́nì àti iye ihò (àyè tí ẹlẹ́kítírọ́nì fi sílẹ̀) tó wà níbẹ̀, èyí tí à ń kà fún sẹ̀ǹtímítà kúbìkì kan. Ta ló lè mọ iye owó odindi àpò ìrẹsì nígbà tó jẹ́ pé iye owó kóńgò kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún un? Ó ní láti mọ iye kóńgò tó wà nínú àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó kọ̀ọ̀kan ṣe ní àyè tirẹ̀, tí ààlà rẹ̀ gba agbedeméjì òun àti àwọn kókó tó yí i ká. A ó fi nọ́ńbà kókó kọ̀ọ̀kan sọ àyè rẹ̀ di púpọ̀, a ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orí àwọn àyè yìí kan náà ni sọ́fítíwía ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí Scharfetter àti Gummel, ará ilé ìwádìí Bell Labs, gbé jáde ní 1969 láti ṣírò iná tó ń gba àárín kókó méjì kọjá ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwía bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká mú ègé sílíkọ́nì kan, ohun tí wọ́n fi ń ṣe tiransísítọ̀, tó gùn ní máíkírómítà 1, tó jìn ní 0.5, tí ẹlẹ́kítírọ́nì inú rẹ̀ sì jẹ́ 10¹⁷ fún sẹ̀ǹtímítà kúbìkì kan. Àwòrán náà kò ní ìbú, nítorí náà sọ́fítíwía sábà máa ń gbà pé ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 1. Àyè rẹ̀ wá di máíkírómítà kúbìkì 0.5, tó jẹ́ 5 × 10⁻¹³ sẹ̀ǹtímítà kúbìkì. Ẹlẹ́kítírọ́nì 50,000 ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn gbé ṣáájì 1.602 × 10⁻¹⁹ kúlọ́ọ̀mù (òṣùwọ̀n ṣáájì), àpapọ̀ wọn sì sún mọ́ 8 × 10⁻¹⁵. Ẹni tó bá gbàgbé pé máíkírómítà ni wọ́n fi ya àwòrán, tó sì fi sẹ̀ǹtímítà ka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti fi ìlọ́po mílíọ̀nù 100 ṣìnà. Tí tiransísítọ̀ gidi bá fẹ̀ tó máíkírómítà 10, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Tó bá sì jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n yà nítorí pé ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu, ká tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ibi tó ti ń dánni lágara jù ni ibi tí nǹkan ti ń yí padà kíákíá. Lábẹ́ géètì, ẹlẹ́kítírọ́nì lè já wálẹ̀ láti 10¹⁹ sí 10¹⁵ láàárín nánómítà 4. Ká ní kókó méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí a bá fa ìlà tààrà láti ọ̀kan sí èkejì, a ó rí ẹlẹ́kítírọ́nì 2 × 10¹² lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í já wálẹ̀ báyẹn. Bí a bá ṣe ń rìn wọlé sí i ni wọ́n ń fi ìlọ́po dín kù. Ìṣirò tó tẹ̀ lé ìyẹn máa fún wa ní nǹkan bí 4.3 × 10¹¹. Ìlà tààrà ti fi ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ bù mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ àwòrán náà kò ní fi ohunkóhun hàn. Ẹ fún àwọ̀n náà pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ tún ìṣirò ṣe. Tí àròpọ̀ bá ṣì ń yí padà, kò tíì jinná.

Ká tún kíyè sí ààlà: kókó tó wà lójú ibi tí sílíkọ́nì ti pàdé ọ́ksáìdì, awọ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, jẹ́ ti méjèèjì. Apá tó bọ́ sínú sílíkọ́nì nìkan ni ká kà fún ẹlẹ́kítírọ́nì.

Ní ti iná tó ń ṣàn, ẹ má fa ìlà gba inú àwòrán kọjá kí ẹ wá máa ro ohun tó wà lórí rẹ̀ pọ̀, àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Sọ́fítíwía ti ní iye tó gba ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ìyẹn ló sì péye jù. Tí iná kò bá yí padà mọ́, kí àpapọ̀ gbogbo ẹnu wáyà jẹ́ òdo. Tó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná, la ṣe àfarawé rẹ̀, ó tilẹ̀ tún fún wa ní àyẹ̀wò kejì: ẹ ro iye ẹlẹ́kítírọ́nì tí ìmọ́lẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀, ẹ yọ èyí tó tún pàdé ihò tó sì parẹ́, ẹ wá fi ṣáájì ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Iná ẹnu wáyà ló gbọ́dọ̀ jáde. Tí kò bá jáde, ojú pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí èyí tó ń parẹ́ lójú ibẹ̀ kì í sí nínú àròpọ̀ inú sílíkọ́nì. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń kà á, ọ̀tọ̀ la sì ń rò ó.

Kapásítánsì ló kù, ìyẹn bí ṣáájì ṣe ń pọ̀ sí i tó bí fóltì bá ń gòkè. Ká ní ṣáájì jẹ́ 8.0123 ní fóltì 1.00, tó sì di 8.0161 ní 1.01. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.0038. Tí wọ́n bá gé nọ́ńbà náà sí 8.01 àti 8.02 kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, ìyàtọ̀ di 0.01, kapásítánsì sì fò sókè ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi sàn kí a lo ìṣirò AC (ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀) tí sọ́fítíwía fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí kò nílò àyọkúrò. Iṣẹ́ tó kù fún àròpọ̀ ṣáájì níbẹ̀ ni láti pín kapásítánsì náà sí apá tó ti wá, bóyá abẹ́ géètì ni àbí etí sọ́ọ̀sì (ẹnu tí ẹlẹ́kítírọ́nì ń gbà wọlé), ohun tí ẹnu wáyà kò lè sọ.